Ohun Tí Ìyá Aládùúgbò Wa Ń Gbé Fún Ẹṣin Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, bàbá mi ní ẹṣin pupa kan ní Ṣakí níbí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tó jẹ́ pé ọ̀kadà lẹ mọ̀, ẹ ò lè mọ ohun tí ẹṣin jẹ́ fún wa. Òun ni bàbá mi máa ń gùn lọ sí yídì lọ́jọ́ Ìléyá. Nítorí náà, ọkà bàbà ló ń fún un jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní ewúrẹ́ ló ni koríko.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Ìléyá dé, ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Á jẹ ọkà díẹ̀, á fi í sílẹ̀, á máa payín keke, á sì máa bojú wo ikùn ara rẹ̀. Bàbá mi ní ẹnìkan ló ń fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dàgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ gbogbo ẹni tó bá wọ àgbàlá wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, opó kan tó ń gbin ẹ̀pà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa nǹkan yọ lábẹ́ ìborùn, ẹṣin sì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ibi, kí ló dé tó fi ń yọ́ rìn? Mo sáré lọ pe bàbá mi. Kò bi í léèrè ohunkóhun, ó lé e jáde lójú gbogbo ará ilé. Inú mi dùn gan-an, àánú rẹ̀ ò ṣe mí rárá.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ẹṣin náà dùbúlẹ̀, tó ń yí gbirigbiri. Bàbá mi ránṣẹ́ pe Fúlàní àgbà kan tó mọ ìtọ́jú ẹṣin. Ó wo inú ọpọ́n ọkà, ó ní, "Koríko dà?" Ó ní inú ẹṣin kì í sinmi. Bí kò bá rí koríko jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, omi kíkan inú rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ nífun títí á fi di ọgbẹ́. Ó wá ṣa ewé ẹ̀pà gbígbẹ díẹ̀ nílẹ̀. "Ta ló ń fún un ní èyí? Òun ni kò jẹ́ kó tíì kú."

Ojú tì mí. Bàbá mi lọ bẹ ìyá náà. Ìyá ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún ọ pé kí o fún un ní koríko, o ní kí n lọ bọ́ ewúrẹ́ mi. Kí ni ǹ bá ṣe ju kí n yọ́ wá?"

Koríko àti ewé ẹ̀pà gba ẹṣin náà là, àmọ́ ẹsẹ̀ ni bàbá mi fi rìn lọ sí yídì lọ́dún yẹn. Ìyá náà kò wọ àgbàlá wa mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀yìn ọgbà ló ti máa ń na ewé ẹ̀pà sí mi, á sì kọ́kọ́ tú ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí n lè rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi náà ra ẹṣin, oúnjẹ inú àpò ló ń fún un. Mo wo àpò náà títí, ọkàn mi ò balẹ̀, mo ní, "Koríko dà?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé ló ti mọ odi gíga, wọ́n fi géètì sí i. Èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n mọ tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ wá ràn wá lọ́wọ́ báyìí, ibo ló máa gbà wọlé?