Bí Mo Ṣe Pa Ohùn Ìyá Mi Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n fi ẹnu ara mi ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò lè dá a gbé mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlobù mọ̀ mí. Tíṣà Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kọ̀ǹpútà, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Èmi yìí kan náà ni mo máa ń pariwo pé kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbi méjì, síbi mẹ́ta! Ẹnu lásán ni mo ní.

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi, ilé ọkọ ló gbé wọn wá sí Ìlobù. (Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ ìlú méjèèjì ṣe rí. Mi ò fẹ́ wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Àìsàn kan mú wọn lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, pé wọ́n á yè é, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Ẹ̀yin, kí lẹ máa mú níbẹ̀? Ẹ̀mí la mú.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ìyá mi tilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, wọ́n ń bá fóònù wọn sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa ọmọ mẹ́rin, oníkálukú ló ní tiẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Kúdírá, àbígbẹ̀yìn wa, ló ká wọn lára jù. Nikáà rẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Nílé tiwa, ọmọbìnrin kì í jáde lọ ilé ọkọ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, kó ṣàdúrà fún un dé ìsàlẹ̀ ikùn. Mọ́mì wá sọ àdúrà náà sílẹ̀. Wọ́n ní tí ọjọ́ bá pé, kí n tan ohùn àwọn sí Kúdírá létí lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú. Mo gbà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n yè. Ìwé àti bírò ni wọ́n wá fi ń bá wa sọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ péré ni mo tẹ́tí sí, kí n lè mọ bó ṣe dún. Áà! Ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti pariwo bo gbogbo rẹ̀. Mo ní kò séwu, màá yọ ariwo náà kúrò, ṣebí iṣẹ́ mi nìyí.

Ọ̀rọ̀ náà gùn, kọ̀ǹpútà mi sì ti gbó. Èyí kan ṣoṣo ò lè dá a ṣe. Mo bá so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pọ̀ bí àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣọ̀wẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ṣe ọ̀gá wọn á gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, á pín in fún gbogbo wọn, wọ́n á yọ ariwo kúrò, wọ́n á wá kó o jọ tí iṣẹ́ bá parí pátápátá. Èmi fúnra mi ni mo kọ ètò náà. Mo tiẹ̀ ń yangàn!

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Fóònù Mọ́mì ti kún, nítorí náà mi ò ṣe ẹ̀dà, ńṣe ni mo gé gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá náà ti kún fún fọ́tò àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, mo bá ní kó máa pa ègé tó bá ti pín jáde rẹ́. Èyí tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́, inú mẹ́mọ̀rì ni wọ́n ń kó o sí. Ohun tó wà nínú mẹ́mọ̀rì ò yàtọ̀ sí omi inú àtẹ́lẹwọ́: bí iná bá ti kú, ó ti dànù nìyẹn. Mi ò kọ́ ètò náà ní ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá ní kó kú, pé kó kọ́kọ́ kọ èyí tó ti ṣe sílẹ̀. Iṣẹ́ ìlà mélòó kan péré! Mo ní màá ṣe é tó bá yá.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà, mo gbé Mọ́mì lọ rí dókítà ní Òṣogbo. Ìyàwó mi ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà lára ògiri wa. Èmi ni mo kọ ọ́ nígbà kan tí ìlú dàrú: bí ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ já iná sóláà, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ gba ilé lọ. Ẹ má bèèrè nǹkan kan! Ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán wa, omi ló máa ń dà sí iná tiẹ̀ kó tó sá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nǹkan dún gbàà lójú ọ̀nà Ìfọ́n. Gbogbo èèyàn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Táyà ọkọ̀ akóyanrìn ló bẹ́!

Ìyàwó mi pè mí, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ní kí ọkàn mi balẹ̀, wọ́n ní táyà ló bẹ́, òun àti àwọn ọmọ ti wà nílé. Ó ní àwọn kọ̀ǹpútà náà ń bèèrè bóyá kí òun dúró nítorí iṣẹ́ kan ò tíì parí, ṣùgbọ́n òun tẹ ibi tó ní kó kú bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe kọ́ òun.

Mo ní, “Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?”

Ó ní, “Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, Bàbá Sódíìkì! Mi ò gbàgbé ìkankan.”

Ìnnà lilàhi! Mọ́mì tó jókòó tì mí kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ṣé ìjà tún ni? Mo ní rárá mà, táyà ló bẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo jágbe mọ́ ìyàwó mi nígbà tí mo délé. Ó kàn nawọ́ sí ìwé ara ògiri. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo gbé kọ̀ǹpútà ọ̀gá lọ bá ẹnì kan tó ń wá fáìlì tó sọnù rí. Ó jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Àwọn fọ́tò tuntun ti bo ojú ibi tí ohùn náà wà. Ìba tó rí kò pé ìṣẹ́jú kan: ariwo ẹ̀rọ ìlọta, ikọ́, lẹ́yìn náà ìyá mi ní, “Ṣé ó ti ń gbà á báyìí?” Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n so yìgì, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Mọ́mì, mo jẹ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé ṣé kò sí ọgbọ́n kankan mọ́ ni? Mo ní kò sí, mà. Wọ́n pa ìwé náà dé. Kúdírá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, igbe tó ké ṣì wà létí mi.

Ọjọ́ pé. Kúdírá kúnlẹ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó pẹ́! A ò gbọ́ nǹkan kan ju èémí tó ń jáde láti ojú ihò tí àwọn dókítà dá sí wọn lọ́rùn. Gbogbo mọ̀lẹ́bí dúró, a ò mọ ibi tó yẹ ká ti ṣe àmín. Kúdírá nìkan ló ń ṣe é. Àmín, àmín, àmín, kò sinmi, títí wọ́n fi gbọ́wọ́ kúrò.

Àfọwọ́fà ni tèmi, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá ń kó iṣẹ́ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, pàápàá èyí tí púpọ̀ wọn jọ ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ bí yóò ṣe kú. Kó máa kọ ohun tó bá ti ṣe sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójú iṣẹ́. Ẹ má sì pa ojúlówó rẹ́ títí ẹ ó fi fi etí ara yín gbọ́ èyí tó parí.

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bú mi, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ẹ tọ́jú ohùn ìyá tiyín sí.