Ìka Àǹtí Mi Ló Ṣí Àkáǹtì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ìjì fojú mi rí ní Ìpẹ̀rú. N kì í sábà sọ̀rọ̀ ara mi níbí, ṣùgbọ́n èyí lè wúlò fún ẹnìkan.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìjì náà jà. Mo fi fóònù sílẹ̀ nílé kó máa gba iná, torí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kí n tó padà, ògiri ti wó lé e, òun àti kọ̀ǹpútà mi.

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ mí lógún: ohùn Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Mo ti gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí àwọn baba wa ṣe tẹ̀dó síbí. Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀, torí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo yá fóònù ọ̀rẹ́ mi, mo tẹ páásíwọọ̀dù àkáǹtì tí ẹ̀dà náà wà. Àkáǹtì náà ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi. Nọ́ńbà wo? Èyí tó wà lábẹ́ ògiri!

Mo lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ṣágámù láti gba síìmù mìíràn fún nọ́ńbà náà. Obìnrin tó dá mi lóhùn ní kì í ṣe orúkọ mi ló wà lórí nọ́ńbà náà. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò màmá mi, ló fún mi ní síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ara wọn ṣe. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ṣe ní nọ́ńbà? Obìnrin náà ní àfi kí àǹtí mi wá tẹ̀ka fúnra wọn.

Ìdí gàrí tí wọ́n ń yan ni mo ti bá Àǹtí ní Simawa. Wọ́n bi mí bóyá orúkọ àwọn náà ni mo fi gboyè. Síbẹ̀, wọ́n fa iṣẹ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Ẹ̀rọ kò mọ àtàǹpàkò wọn. Iná àti gàrí ti jẹ ìlà ọwọ́ wọn tán. Àǹtí wo ẹ̀rọ náà: “Ọwọ́ tí mo fi wẹ ọmọ yìí nìyí o. Ìwọ, ta ló wẹ̀ ọ́?” Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà ní ká máa lọ, ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mi ò dìde. Mo bi í bóyá ìka kan ṣoṣo ni wọ́n gbà nígbà ìforúkọsílẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dán àwọn yòókù wò. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì ni ẹ̀rọ gbà.

Nígbà tí síìmù ṣiṣẹ́ nínú fóònù tí mo yá, kóòdù wọlé. A jókòó síta, mo tẹ ohùn náà. Màmá Àgbà kọ́kọ́ wúkọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àǹtí tó ti ń ṣàwàdà láti àárọ̀ sún mọ́ fóònù náà. Wọ́n wá ní, “Dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n tún gbọ́ ikọ́ yẹn.”

Mi ò mọ bí ó ṣe rí ní ọ́fíìsì mìíràn. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ẹni tó kó ẹrù sí yàrá, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò tíì tọ́jú ẹrù. Nọ́ńbà náà ti wà ní orúkọ mi báyìí. Mo kọ àwọn kóòdù ìpamọ́, tí mo lè fi ṣí àkáǹtì láìsí síìmù, sórí ìwé, ó wà ní Simawa lọ́dọ̀ Àǹtí, lábẹ́ òrùlé tí kì í ṣe tèmi. Ohùn náà wà nínú fóònù tiwọn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ ta ló wà lórí nọ́ńbà tó ń ṣí àkáǹtì yín? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún wa.