Ọ̀dọ̀ Ta Ni Mo Fẹ́ Dé Sí ní Kíto?

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, èèyàn kì í dédé rìnrìn àjò. Nítorí òkú ni a fi ń rìn, tàbí ìyàwó, tàbí ọmọ tuntun. Bí ẹnì kan bá kú ní Kábbà, a ó wọ mọ́tò. Bí ọmọ wa kan bá bímọ ní Kàdúná, a ó di ẹrù, a ó lọ bá a wẹ ọmọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìjọba ló ń gbé e kiri. Ẹni tó ń ṣòwò, ọjà ló ń pè é. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jí lówùúrọ̀, kí ó wẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀, kí ó lọ sí ìlú onílùú nítorí pé ojú rẹ̀ fẹ́ rí i? Wọ́n á ní kí ẹnì kan fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò, bóyá ibà ni.

Ibà yẹn mú mi. Ó mú mi nígbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Kwara, tí náírà wa ṣì lágbára débi pé ó ń wo dọ́là láti òkè. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ọkọ mi ti kú, mo ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ọmọ mi sì ti ń bọ́ ara wọn. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe ní ilé ìwé girama, jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ìlú tí mo fẹ́ lọ wò ni Kíto, olú ìlú Ekuadọ̀, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fa ìlà kan kọjá láàárín àwòrán ayé lójú pátákó, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìlà agbedeméjì ayé nìyí, òun ló pín ayé sí òkè àti ìsàlẹ̀, ìtòsí rẹ̀ sì ni oòrùn ti ń mú jù. Bí mo bá wá sọ pé ìlú kan wà lẹ́bàá ìlà náà tí èèyàn ti lè dúró kí ó máa wo yìnyín lórí òkè, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú mi kò rí ni mo ń fi ẹnu kọ́ wọn. Àwòrán ìlú náà wà nínú ìwé kan: ilé funfun tó gun ara wọn lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè, bí ilé tiwa náà ní Lọ́kọ́ja ṣe tò sí ìsàlẹ̀ Òkè Pàtí. Mo wo àwòrán yẹn títí, mo ní, ìwọ ìlú yìí, n ó rí ọ.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra. N kò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ìsinmi kékeré tó wà láàárín sáà ti tó mi. Mo ti tò ó sọ́kàn. Ọjọ́ tí mo bá dé, n ó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó lọ síbi ìlà, níbi tí wọ́n kọ́ òpó òkúta sí, n ó fi ẹsẹ̀ kan sí òkè ayé, n ó fi ìkejì sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà n ó rìn nínú ìlú àtijọ́, n ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní wúrà ni wọ́n fi bo inú rẹ̀, n ó lọ wo ọjà wọn, n ó wá jókòó síbì kan tí mo ti lè rí yìnyín, n ó sì wò ó títí ojú mi yóò fi yó. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ní Èkó bi mí bóyá Lọ́ńdọ̀nù ni mo ní lọ́kàn. Mo ní rárá. Ó ní bóyá ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Mo ní ọkọ mi wà ní itẹ́ òkú ní ìlú wa, kò sí ní Ekuadọ̀.

Mo ti kà á pé ìlú náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí mímí fi ń nira fún àlejò. Nítorí náà, láràárọ̀ Sátidé, mo ń kúrò nílé mi ní àdúgbò Crusher, mo ń gun Òkè Pàtí kí ó lè mọ́ àyà mi lára. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń tẹ̀ lé mi. Àlàájà ni, ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí àdúgbò Kpata ní Lọ́kọ́ja, aṣọ ló ń tà. Ó ti dé Mẹ́kà, nítorí náà òun ni olùdámọ̀ràn mi lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú. Kì í dé orí òkè. Bí a bá ti dé ìdajì, yóò jókòó sórí òkúta, yóò tú ìborùn, yóò wá dojú ọ̀rọ̀ kọ mí.

"Tíṣà, Mẹ́kà tí mo lọ, Ọlọ́run ló pè mí. Ìwọ, ta ló pè ẹ́?"

Mo ní ìlà ló pè mí.

"Ìlà tí kò sí nílẹ̀. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ojú kì í rí i."

"Ọlọ́run ńkọ́, ṣé o fojú rí i ní Mẹ́kà?"

Ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ kèfèrí lórí òkè, òun ò fẹ́ kí àrá sán pa òun mọ́ mi. Ó wá ní bí mo bá dé ọjà wọn, kí n bá òun wo irú aṣọ tí wọ́n ń tà.

Òkè yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn èèyàn rí mi. Ó di ìròyìn ní Old Market pé ìyá tíṣà ti wọ ìjọ aláṣọ funfun, pé ààwẹ̀ ló ń gbà lórí òkè, ọkọ ló ń wá. Ìròyìn náà dé etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí n tó fi ẹnu ara mi sọ òótọ́ fún un.

Bàbá yìí ni olórí ẹbí wa ní Lọ́kọ́ja. Èbúté ló ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà ní Old Market, níbi tí atẹ́gùn odò ti ń wọlé láti ojú fèrèsé. Kò sí ọmọ ẹbí wa tó ń kọjá òkun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lọ láìsọ, ìyẹn ọmọ bíbí inú Bàbá fúnra rẹ̀, tó yọ́ lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Fànáńdó Póò, erékùṣù kan láàárín òkun. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ má rò pé ìwé tí mo kà pọ̀ débi tí n kò fi bẹ̀rù ìyẹn. Mo bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnu Bàbá wà níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí Bàbá fi tọ́ wa. Àdúrà rere kì í bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Bí wèrè bá ń gbàdúrà lójú títì, ó ní kí a dáhùn. Bí lemọ́mù bá ń ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ará Ọ̀yọ́ tó múlé gbè wá, àmín tirẹ̀ ló máa ń ròkè jù, òun tó jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Rédíò pàápàá, ó ń dá a lóhùn. Nígbà kan tí mo wà ní kékeré, mo ń bá àbúrò mi bínú, ó gbàdúrà, mo panu mọ́. Bàbá ní kí n lọ dúró sí ìdí ògiri títí n ó fi sọ àmín náà. Ó ní àmín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi du ara ẹni, bí a bá sì ti sọ ọ́, kì í padà sẹ́nu.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, àti àbúrò ọkọ mi, àti àkọ́bí mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo kúnlẹ̀. Bàbá kí mi bí a ṣe ń kíni nílé wa, "Okun o," mo dá a lóhùn. Ó bi mí lórí ọ̀rọ̀ ìjọ aláṣọ funfun. Mo sọ òótọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà, yìnyín, tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀.

"Kíto," ó ní. Ó tún un pè, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ dé sí?"

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé wa, ẹ mọ ìbéèrè yẹn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi arìnrìn-àjò. Ìrìn tí kò ní onílé lópin, ìsáǹsá ni. Mo ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Àbúrò ọkọ mi wúkọ́. Ní Lọ́kọ́ja ìgbà yẹn, obìnrin tó bá lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó pè mí ní ìyàwó wa, ó ní orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ló ṣì wà lára mi. Ó ní bó bá jẹ́ pé òfurufú ló ń wù mí, ọmọ wa kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tàbí kí n bá àwọn ará ìjọ lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n á fi JP tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti débẹ̀ sí ẹ̀yìn orúkọ mi, n ó padà wá di ẹni iyì. Àkọ́bí mi ní ilé wa ní abúlé kò tíì ní òrùlé, kí ló dé tí n kò kó owó náà síbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ lé mi lórí títí orókún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi.

"Mo ti lọ sí Kàdúná nítorí ọmọ. Mo lọ sí Jọ́ọ̀sì nítorí òkú. Mo gbé ọkọ mi lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Ilé tí mo bá dé sí, ilé ìdáná rẹ̀ ni mo ń wọ̀ kí n tó bọ́ bàtà. N kò rí ìlú kan rí. Ilé ìdáná ni mo rí. Ẹ ní ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ dé sí ní Kíto? N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń lọ gan-an nìyẹn."

Ìyàwó Bàbá fi etí ìró bo ẹnu. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Bí o bá fẹ́ lọ, lọ," ó ní. "N kò ní gbé ọwọ́ lé orí tó ń lọ síbi tí kò ní ará. Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀."

Ó yẹ kí n dìde kí n máa lọ sílé. N kò dìde. Ohun tí mo ṣe, n kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo fi lé itan. Mo gbé ọwọ́ ara mi lé orí ara mi níwájú gbogbo wọn, mo sì gbóhùn sókè.

"Orí mi, ìwọ lo gbé mi dé òní. Ẹsẹ̀ mi ò ní kọ lọ́nà."

Àkọ́bí mi ní àmín. Ìyàwó Bàbá ní àmín.

"Ọkọ̀ tó bá gbé mi lọ ni yóò gbé mi bọ̀."

Àbúrò ọkọ mi náà dáhùn, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ibi tí n kò ti ní ará, Ọlọ́run á fún mi ní ará níbẹ̀. N kò ní jẹ́ ẹni tó lọ tí kò bọ̀."

"Àmín," ni Bàbá wí.

Ó ròkè ju ti gbogbo wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. A ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja lódò. Bàbá gbé ọwọ́ sẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. N kò mọ̀ títí di òní bóyá àṣà ló dáhùn, tàbí ọmọ tó wà ní Fànáńdó Póò ló rántí.

"O jí àmín lẹ́nu mi," ó ní.

"N kò jí i, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fún mi."

Ó ní òun ò mọ ìgbà tó jáde. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹnu kúrò nínú ìró. "Bàbá wọn, ṣé ẹ fẹ́ kó padà sẹ́nu yín ni? Ìdí ògiri wà níbẹ̀ yẹn o."

N kò ní purọ́ fún yín, kò gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó jókòó, ó ń wo odò láti ojú fèrèsé. Ó wá ní, "Ṣé wọ́n ń ta gàrí níbẹ̀?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Irú rẹ̀ ni mo ń lọ wò."

Ó ní kí n gbé gàrí dání. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ nìyẹn. Mo lè sọ fún yín báyìí tí mo ti lọ tí mo sì ti bọ̀ pé wọn kì í tà á.

Nígbà tí Sátidé pé, mo tún gun òkè. Àlàájà ló ta aṣọ tí mo wọ̀ fún mi, ó pọ́n bí iná, mo sì gba ibi tí ojú ọ̀nà ti mọ́lẹ̀ jù, kí wọ́n lè rí mi dáadáa láti Old Market. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé funfun ni, kó sọ ọ́.