Páàkì Tí Mo Sọ Di Oko Ìjọba

Ẹnjiníà ni mí. Ní ọ́fíìsì wa ní Landover, nílùú òyìnbó, èmi Mobáyọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àwòrán ilé fún pé kí n wá àṣìṣe inú rẹ̀. Bí ìlà kan bá fi íńṣì kan yẹ̀, ojú mi á tó o. Síbẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gbé ní Beltsville, nítòsí páàkì ìgbafẹ́ ńlá kan, tí n kò mọ̀ pé páàkì ni.

Nígbà tí a kó débẹ̀ ní 1997, wọ́n sọ fún mi pé ìjọba ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ládùúgbò náà. Mo rí ilẹ̀ gbalasa, mo rí igi tó tò lọ, mo ní, “Oko ìjọba nìyí.” N kò bi ẹnikẹ́ni. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, tí mo ń wa mọ́tò kọjá, tí mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n gbójú sókè tí wọ́n ń wo òdòdó, màá sọ fún Felicia ìyàwó mi pé, “Wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí.”

Felicia á ní, “Ẹ kú àkíyèsí o.” Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Kò tán síbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, èmi ni mò ń kìlọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Mo sọ fún Wálé àti Èyíwùnmí ìyàwó rẹ̀ pé, “Ẹ má yà síbẹ̀ o. Wọ́n lè ní irúgbìn lẹ wá jí.” Wálé dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2006, Stephanie, ọmọ wa, dé láti yunifásítì, ó ní ká lọ gba atẹ́gùn. Òun ló wa mọ́tò. Bó ṣe fẹ́ yà síbẹ̀, mo pariwo: “Stephanie! Oko ìjọba ni!”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi páàkì mọ́tò. Ó wá na ìka sí pátákó kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé páàkì ni, gbogbo èèyàn ló wà fún.

“Dádì, ẹ ò kà á rí?”

Mo ní mọ́tò ni mò ń wà.

Ọkàn mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Mo fi káàdì ọ́fíìsì mi kọ́rùn, kó má di pé wọ́n bi mí ní ìdánimọ̀. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan jókòó létí omi, ó ju ìwọ̀ sómi. Mo lọ bá a láti tọrọ àyè. Ó wo káàdì àyà mi, ó dìde wéré, ó fa láísẹ́ńsì ìpẹja rẹ̀ yọ. Ó rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwé àwọn apẹja wò ni mí. A wá dúró, a ń fi ìwé han ara wa.

Ibẹ̀ ni òórùn mọ́ínmọ́ín ti ta sí mi nímú. Lábẹ́ igi tó fi òdòdó funfun bora, Wálé rí mi, ó sá sẹ́yìn igi. Igi ọ̀hún ò tó o. Ikùn rẹ̀ yọ lápá kan. Èyíwùnmí jókòó sórí ẹní. Ta ló jókòó tì í, tó wọ bàtà kánfáàsì tí n kò rí rí? Felicia, ẹni tó ní òun ń lọ síbi ìdánrawò akọrin.

“Felicia, ṣé ibí lẹ ti ń kọrin ni?”

“A ti kọrin tán, Dádì Stephanie. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wá síbí.”

“O ò sì sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ, ẹ ó tẹ̀ lé mi wá, ẹ ó wá máa ṣàlàyé igi kọ̀ọ̀kan fún mi. Mo fẹ́ sinmi ni.”

Èyíwùnmí wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́: “Dádì, ọdún tá a dé, inú ilé ni èmi àti ọmọ wà látàárọ̀ dalẹ́. Mo máa ń sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí pé bá a bá yà síbí, wọ́n á mú wa. Mọ́mì ló wá fà mí lọ́wọ́ wá síbí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bọ́ káàdì kúrò lọ́rùn, mo ní, “Èyíwùnmí, jọ̀ọ́, má bínú sí…” Lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá wọ imú mi, mo sín. Mo tún bẹ̀rẹ̀: “Má bínú…” Mo sín. Ìgbà mọ́kànlá ni Stephanie kà. Nígbà tí mo fi bẹ ẹ̀bẹ̀ náà tán, Èyíwùnmí ti rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, Wálé sì ti jáde lẹ́yìn igi.

Felicia gbà kí n máa bá òun wá, bí mo bá lè pa ẹnu mọ́ títí a ó fi dé orí afárá inú páàkì náà. Ní Sátidé kejì, ẹyẹ aláyà pupa kan bà síwájú wa. Mo la ẹnu. Felicia wò mí. Mo pa á dé. N kò kúkú mọ orúkọ ẹyẹ náà.