Ọmọ Wa Ni

Kí n tó di ọ̀gá ẹ̀ka ìpoògùn ní yunifásítì wa, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́ níbẹ̀: "Ọmọ wa ni." Tí àyè kan bá ti ṣí sílẹ̀ báyìí, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọ wa ni, ẹ bá wa wò ó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó àwọn tó níwèé ẹ̀rí rẹpẹtẹ jọ, tí wọ́n bá wọ kíláàsì, wọn á kọjú sí pátákó, wọn á máa ka ìwé bí ẹni ń gbàdúrà sínú. Inú máa ń bí mi. Ọmọ tí wọn ò kọ́ dáadáa níbẹ̀ ni yóò fún ìyá ẹnì kan lóògùn lọ́la.

Nígbà tó kàn mí, mo ní ẹni tó bá fẹ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ kíláàsì kan lójú wa, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bi í ní ìbéèrè. Àwa tá a ti wà níbẹ̀ náà á máa jókòó sí kíláàsì ara wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan bi mí bóyá mo tún fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń de ṣòkòtò. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ jókòó síwájú kíláàsì rẹ̀.

Mi ò lọ́kọ mọ́, mi ò sì bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Erio, tó tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa, ni gbogbo ẹbí tó kù fún mi. Ní Sátidé, ọkọ̀ mi kì í tíì dúró tán tí á ti máa pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Wá wọ ulé, uṣu ti jinná!" Lẹ́nu tiwa ní Erio, a kì í fi "ẹ" pe ara wa. Bàbá wa gan-an, "ìwọ" la máa ń pè é. Àlejò àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ni "ẹ".

Ìgbà tí àyè ṣí, òun náà pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kọ̀wé wá. "Ọmọ wa ni," ló wí.

Lọ́jọ́ tó wá kọ́ kíláàsì lójú wa, mo gbé àga alága fún ẹlòmíràn, mo lọ jókòó lẹ́yìn. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ lórí oògùn ibà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé tí ọmọdé bá bì í jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ni ká sọ fún ìyá rẹ̀? Ó ní, "Ó wà nínú ìwé tí mo pín fún yín." Orí rẹ̀ pé, mo mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni.

Wọn ò gbà á. Mo ní kó wá wà lábẹ́ olùkọ́ kan tó mọṣẹ́ fún ọdún kan, kó tún gbìyànjú. Ètò tí mo dá sílẹ̀ fún irú wọn nìyẹn. Òun gbà, tayọ̀tayọ̀. Ìyá rẹ̀ ni kò gbà.

"Ọmọ tèmi ni wàá sọ di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́?" Ó pa fóònù.

Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe é. Síbẹ̀, ilé mi dá páropáro ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nígbà tó di Sátidé, mo ra búrẹ́dì ní Arámọkọ bí mo ti máa ń ṣe, mo ń tún ọ̀rọ̀ tí màá bá a sọ sọ nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó síbẹ̀ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀, ó wá dìde.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ má bínú, iṣu ò tíì jinná."

Iṣu, kì í ṣe uṣu. Èmi àbúrò rẹ̀ tó pọ̀n sẹ́yìn ló ń bá sọ Yorùbá rédíò.

Mo fi ẹnu ilé wa kí i, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo bá wọlé, mo jókòó sórí àga àlejò, mo gbé búrẹ́dì lé itan.