Omi Kànga Nínú Ìbọn Jíbrílù

Láti ọjọ́ Àìkú tí Jíbrílù ti Ìjẹ̀bú dé ni kò ti lè jókòó lójú kan. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á dìde. Á wọlé, á tún jáde.

"Bàbá Ihsan," Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ilé yìí ni?"

Jíbrílù tún dìde.

Wẹ́dà ni Jíbrílù. Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń jó irin ní Ìdúmàgbò l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ilé ọdẹ ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ni wọ́n fún ní ṣakabùlà, ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù bọ̀ lẹ́nu, nítorí nínú gbogbo ọmọ, òun ni kì í tàsé. Ọdọọdún ló ń gbé e lọ sílé ní Ìjẹ̀bú. Wọn á gbé àgbọn lé kùkùté, ẹnì kọ̀ọ̀kan á yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti Jíbrílù kì í kọjá ẹ̀ẹ̀kejì kó tó fọ́.

Lọ́dún yìí, àkọ́kọ́ gba òsì lọ. Èkejì gba ọ̀tún. Ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà.

"Ẹ̀gbọ́n," Bashiru àbúrò rẹ̀ wí, "àgbọn ò sá o. Ibi tí wọ́n gbé e sí náà ló wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ti ń rẹ Jíbrílù, kó gbé ìbọn fún Bashiru tó bá di Jímọ̀.

Àlàmísì nìyí.

Jíbrílù fọwọ́ bo ojú kan, ó ka ọ̀pá ara géètì ọ̀ọ́kán. Mẹ́tàdínlógún. Ó bo ìkejì. Mẹ́tàdínlógún náà ni. Ó bu omi kún búta dẹ́nu, ó dì í mú, ó na ọwọ́ gbọọrọ. Omi kò dà.

Ó fa ìbọn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ ń dán. Ó wé àkísà mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó tì í bọ inú rẹ̀. Kò lọ jìnnà tó fi há. Nígbà tó fà á jáde, àkísà ti ya, ìpẹtà ti kùn ún pupa.

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tú ìdí rẹ̀, ó kọ ẹnu rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó já. Inú rẹ̀ ti jẹ, ihò wẹ́wẹ́, bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná jà. Ibi tí ẹ̀tù ti ń jó ló jìn jù.

Muqtadir, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tó ti gbọ́ ohun tí olórí ẹbí sọ, náà wò ó.

"Bàbá, ta ló da iyọ̀ sí irin yìí?"

"Kò sẹ́ni tó..." Ó rántí omi tó fi ń fọ̀ ọ́.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé tí wọ́n bá yìnbọn tán, omi gbígbóná ni kó fi fọ èédú ẹ̀tù kúrò. Ṣùgbọ́n omi odò ni bàbá rẹ̀ ń gbé kaná. Èkó ni Jíbrílù ti ń fọ tirẹ̀, omi kànga àgbàlá ló sì fi ń fọ̀ ọ́, omi tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, tí Hàwáwù kì í fi se nǹkan.

"Èédú á kó sínú ihò," Muqtadir wí, "agbára ẹ̀tù á máa jò gba ẹ̀gbẹ́ ọta. Bí ọta ṣe jáde báyìí kọ́ ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yọ̀. Ojú yín kọ́."

Inú Jíbrílù kò dùn. Bó bá dákẹ́, wọn á ní ojú rẹ̀ ló bàjẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, òun ló ba ìbọn bàbá jẹ́.

"Tí mo bá ha inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Irin á fẹ́lẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kó bú mọ́ èèyàn lójú ni?"

Jíbrílù rìn dé ìkángun àdúgbò, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Bashiru kì í wọn ẹ̀tù kó tó dà á sí ìbọn. Ó mú fóònù.

"Bashiru. Má ki ẹ̀tù sí ìbọn yẹn láéláé. Inú rẹ̀ ti jẹ. Èmi ni mo bà á jẹ́, omi kànga ni mo fi ń fọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ pé omi yẹn níyọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti mọ̀."

"Kí la máa sọ fáwọn bàbá?"

"Ohun tí mo sọ fún ọ."

Nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́, ó dìde, ó lọ síbi kànga, ó fa omi díẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó tu ú dà nù.