Ọfà Méjì Tó Ń Retí Ara Wọn

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí mo bá fi irọ́ kan lú u, kí irùngbọ̀n mi re kí n tó jí lọ́la. Èmi tí mo kọ́ ara mi níwèé, tí tíṣà kankan ò lè ní òun ló là mí lójú, ta ni mo fẹ́ purọ́ fún?

Ọmọ àbúrò mi ló kọ kóòdù tó ń darí lífítì ilé ìwòsàn kan. Afọ̀nàhàn là ń pè é, torí kò lè ṣàlàyé nǹkan kó má tẹ ọfà sí i. Àmì ojú bọ́tìnì kọ̀ǹpútà ló fi ń yàwòrán: àkámọ́ á di àpótí, dáàṣì á di ojú ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ṣé kálámù wọ́n nílé yín ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ìyá Afọ̀nàhàn, àbúrò mi obìnrin, lọ rí dókítà nílé ìwòsàn náà. Ikọ́ fée tó máa ń sé èémí ń bá a jà. Ó wọ lífítì. Èmi gba báàgì rẹ̀, mo ní àtẹ̀gùn ni màá gbà, kó lè rí i pé agbára ṣì ń bẹ. Àfi gbàgà! Lífítì há sáàárín àjà méjì. Oògùn tó máa ń fà sẹ́nu sì wà nínú báàgì ọwọ́ mi.

Mo fò dé yàrá mọ́tò lórí òrùlé bí àgbọ̀nrín. Mẹkáníìkì lífítì ti wà níbẹ̀, ó ń pa mọ́tò, ó ń tàn án. Pàbó. A ń gbọ́ ikọ́ àbúrò mi láti inú ihò lífítì.

Mo pe Afọ̀nàhàn ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fi àwòrán ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Àwòrán ọ̀hún kàn ń yí lójú fóònù mi ni, kò wọlé.

"Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Mo ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀," ni Afọ̀nàhàn wí.

Ikọ́ nísàlẹ̀ dákẹ́. Fóònù dún:

[ilẹ̀kùn] --ń retí--> [mọ́tò]
[mọ́tò] --ń retí--> [ilẹ̀kùn]

"Yéè!" ni mẹkáníìkì ké. "Abájọ!"

"Bíi tọkọtaya tó ń yan ara wọn lódì," ni mo wí. "Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?"

Ìlà mìíràn wọlé:

[pa iná] --> [fọwọ́ tú bíréèkì] --> [yí i wálẹ̀]

A pa iná, a tú bíréèkì. Ọwọ́ kan ni mo fi yí àgbá irin tó ń gbé lífítì wálẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá ní òun ló yí i, ẹ má dá a lóhùn.

Nígbà tí a sáré sọ̀ kalẹ̀ tí a já ilẹ̀kùn ṣí, orí ilẹ̀ ni àbúrò mi jókòó sí, ètè rẹ̀ ti dúdú. Kò wo ojú mi, báàgì ló nawọ́ sí. Ó fa oògùn, ó tún fà á, ó wá mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, báàgì mi lẹ gbé sá lọ?"

Ẹ lọ bi í. Ó wà láàyè, kò sì wọ lífítì mọ́. Ìyá Alátẹ̀gùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é.